Bí A Bá Lọ Kí Ìbátan Wa ní Ilé Ajẹ́jẹ̀ẹ́ Inú Igbó

Bí ọmọ ẹni bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó fá orí, tí ó sì lọ ń gbé inú igbó ní ilẹ̀ òkèèrè, kí ni ìyá rẹ̀ yóò ṣe? Àwọn ìyá kan yóò sunkún. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Àwọn mìíràn yóò di ẹrù wọn, wọn yóò wọ ọkọ̀, wọn yóò lọ fi ojú ara wọn rí ibi tí ọmọ wọn wà.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, wọ́n wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wà ní Jámánì. Àwọn ọmọ wọn lọ sí ilẹ̀ Táílándì, ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, wọ́n sì di ajẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀sìn Búdà. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ ni ẹni tí ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun kò ní fẹ́ aya, òun kò ní kó owó jọ, ẹ̀sìn nìkan ni òun yóò máa ṣe.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó sọ bí irú ibẹ̀ ti rí, àti ohun tí ojú àlejò yóò rí níbẹ̀. Àwa kì í ṣe ẹlẹ́sìn Búdà. A kò sì kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò mọ̀ ní í máa dẹ́rù bà wá. Bí a bá mọ ìdí ọ̀rọ̀, ẹ̀rù á dínkù.

Ta ni Búdà?

Búdà kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ó ti jí lójú oorun. Orúkọ ọkùnrin náà gan-an ni Siddhattha Gotama. Apá ilẹ̀ Íńdíà ni ó gbé ayé, ó ti tó nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn sọ pé inú ọlá ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ó rí i pé ènìyàn ń darúgbó, ó ń ṣàìsàn, ó sì ń kú, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó fi ilé sílẹ̀, ó fi aya rẹ̀ àti ọmọ jòjòló sílẹ̀, ó wọ inú igbó lọ. Ó ń wá ọ̀nà tí ọmọ ènìyàn yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ìyà.

Nígbẹ̀yìn, ó ní òun rí ọ̀nà náà. Ó ní ojúkòkòrò, ìbínú àti àìmọ̀ ni wọ́n ń bí ìyà nínú ọkàn ènìyàn. Ó ní a lè kọ́ ọkàn wa bí a ti ń kọ́ ọmọdé, títí yóò fi gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹbí wà nínú ìtàn yìí pẹ̀lú. Nígbà tí Búdà padà wá sí ìlú rẹ̀, Rahula ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n sọ ọmọ náà di ajẹ́jẹ̀ẹ́, wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹbí. Ó dun Suddhodana, bàbá Búdà, wọra. Ó ti pàdánù ọmọ, ó tún wá pàdánù ọmọ-ọmọ. Ó lọ bá Búdà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má gba ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́, àfi bí àwọn òbí rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Búdà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, ó sì sọ ọ́ di òfin.

Òfin náà ṣì wà títí di òní. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ ènìyàn di ajẹ́jẹ̀ẹ́, wọn yóò bi í léèrè níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé: Ṣé o jẹ gbèsè? Ṣé o ti pé ọmọ 20 ọdún? Ṣé bàbá àti ìyá rẹ yọ̀ǹda fún ọ? Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń rò pé wọ́n ń jí ọmọ gbé lọ sínú igbó, kí ó fara balẹ̀. Ọwọ́ òbí wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Bí wọ́n ti dá ibẹ̀ sílẹ̀

Ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Táílándì, ìpínlẹ̀ kan wà tí à ń pè ní Ubon Ratchathani. Àgbẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀, ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn. Kì í ṣe ilẹ̀ olówó. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ajahn Chah sí ní ọdún 1918. Ìtumọ̀ Ajahn ni olùkọ́. Ó di ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní ọdún 1939. Ó rìn káàkiri inú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń sùn sí abẹ́ igi, ó ń sùn sí ibi tí wọ́n ti ń sun òkú. Ó fẹ́ mọ bí ènìyàn ti í ṣẹ́gun ẹ̀rù.

Ní ọdún 1954, ó padà wá sí itòsí abúlé rẹ̀, ó tẹ̀dó sínú igbó kan. Orúkọ ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà ni Wat Pah Pong. Ibà ń ṣe wọ́n níbẹ̀, oúnjẹ kò sì tó. Síbẹ̀, ìyá Ajahn Chah fúnra rẹ̀ wá bá ọmọ rẹ̀ nínú igbó náà. Ó fá orí, ó wọ aṣọ funfun, ó sì ń gbé ní apá ti àwọn obìnrin. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ kúrò nílé, ìyá wá tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1967, ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sumedho dé ọ̀dọ̀ Ajahn Chah. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òyìnbó mìíràn ń wá. Ní ọdún 1975, díẹ̀ nínú wọn lọ sínú igbó kan nítòsí abúlé Bung Wai láti lọ sun abọ́ irin wọn nínú iná, kí ó má baà dógùn-ún. Igbó òkú ni igbó náà. Ibẹ̀ ni àwọn ará abúlé ti ń sun òkú wọn, wọ́n sì ń bẹ̀rù iwin níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn àlejò náà ń sùn níbẹ̀ láìbẹ̀rù, wọ́n ní kí wọ́n dúró. Báyìí ni ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ Wat Pah Nanachat ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ilé ẹ̀sìn inú igbó fún oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí láti òkèèrè ti ń lọ kí ọmọ wọn.

Ohun tí àlejò yóò rí

Láti Bangkok, olú-ìlú ilẹ̀ Táílándì, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní alẹ́, kí ó dé ìpínlẹ̀ Ubon ní òwúrọ̀. Ìrìn náà tó 575 kìlómítà. Bí àlejò bá dé etí igbó náà, yóò rí i pé pápá ìrẹsì ló yí i ká. Wọ́n ti gé igi tó pọ̀ ní agbègbè náà láti fi ṣe oko àti láti tà. Ní ọdún 1989, ìjọba fi òfin de gígé igi gẹdú nínú igbó fún títà. Igbó àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ wà lára igbó díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù lágbègbè náà, nítorí òfin wọn kò gbà kí ajẹ́jẹ̀ẹ́ gé igi tàbí kí ó gbẹ́ ilẹ̀.

Nínú igbó náà, gbọ̀ngàn kan wà níbi tí gbogbo wọn ti ń péjọ. Ahéré kéékèèké wà káàkiri, tí wọ́n kọ́ sórí òpó. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan ní ń gbé inú ahéré kan. Ẹ wo inú rẹ̀: ẹní kan, àwọ̀n ẹ̀fọn kan, fìtílà kan. Ó tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré ni ọ̀nà tóóró kan wà tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ ni ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti ń rìn lọ rìn bọ̀, tí ó ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀.

Ohun ìní ajẹ́jẹ̀ẹ́ jẹ́ 8 péré: aṣọ 3, abọ́ kan, ọ̀já ìgbànú kan, abẹ ìfárí kan, abẹ́rẹ́ kan, àti asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi, kí ó má baà gbé kòkòrò mì. Òfin tí ó gbọ́dọ̀ pa mọ́ jẹ́ 227.

Ní agogo 3 òru, ẹ ó gbọ́ tí agogo ń dún. Kálukú á dìde, á lọ sí gbọ̀ngàn. Wọn á kọrin ẹ̀sìn, wọn á sì jókòó láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹun lójúmọ́, ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sán, oúnjẹ kò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń pọn omi, wọ́n ń rán aṣọ. Ìyókù ọjọ́, olúkúlùkù wà ní ahéré rẹ̀.

Àlejò náà yóò tẹ̀ lé ìlànà yìí bí ó bá fẹ́ sùn níbẹ̀. Aṣọ funfun ni yóò wọ̀. Bí ọkùnrin bá fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, wọn yóò ní kí ó fá orí. Kò gbọdọ̀ pa ohunkóhun, ì báà ṣe ẹ̀fọn tàbí èèrùn. Kí ó mú tọ́ọ̀ṣì dání ní alẹ́, torí ejò àti àkekèé wà nínú igbó náà.

Ìyá àti ọmọ pàdé

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ìyá ti rin ìrìn àjò láti òkèèrè. Ó rí ọmọ rẹ̀ tí ó ti fá orí, tí ó ti fá irun òkè ojú, tí ó ti gbẹ, tí ó rọ aṣọ pupa rúsúrúsú mọ́ ara. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Kò gbọdọ̀ dì mọ́ ọn. Òfin àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ni pé wọn kì í fi ọwọ́ kan obìnrin, ìyá wà nínú rẹ̀. Bí ìyá bá fẹ́ fún ọmọ ní nǹkan, ọmọ yóò tẹ́ aṣọ kékeré kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ìyá yóò gbé e lé aṣọ náà. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn kì í jókòó ní kọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì nìkan. Ọkùnrin mìíràn yóò wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ti àwọn ará ìlú náà. Bí ìyá kan ní Táílándì bá ní ọmọ tí ó di ajẹ́jẹ̀ẹ́, ìyá náà ni yóò kúnlẹ̀ fún ọmọ, tí yóò forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwa tí a mọ̀ pé ọmọ ní í dọ̀bálẹ̀ fún òbí, ó lè yà wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún, àti ẹ̀jẹ́ tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti jẹ́. Ọba ilẹ̀ Táílándì pàápàá ń kúnlẹ̀ fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́. A kì í fi dandan mú àlejò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti jókòó jẹ́ẹ́, tí kò na ẹsẹ̀ sí ajẹ́jẹ̀ẹ́ lójú, ó ti tó.

Inú ìyá ará Táílándì a máa dùn lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá wọ aṣọ náà. Wọ́n gbà pé oore tí ó ju gbogbo oore lọ tí ọmọkùnrin lè ṣe fún ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ a máa wọ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́ta, ní àsìkò òjò, kí wọ́n tó gbéyàwó. Ẹ̀jẹ́ náà kì í ṣe túláàsì. Lọ́jọ́ tí ajẹ́jẹ̀ẹ́ bá ní òun kò ṣe mọ́, yóò sọ ọ́, yóò bọ́ aṣọ náà, yóò sì padà sílé. Wọn kì í bá a jà.

Nítorí náà, ohun kan náà tí ìyá kan ń pè ní àdánù ni ìyá kejì ń pè ní èrè. Ta ni yóò là wọ́n?

Abọ́ ìrẹsì

A rò pé inú abọ́ náà ni ìdáhùn wà.

Ajẹ́jẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ gbin oúnjẹ. Kò gbọdọ̀ fi owó ra nǹkan. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ ká èso igi jẹ. Ohun tí ènìyàn bá gbé lé e lọ́wọ́ nìkan ni ó lè jẹ. Ní kùtùkùtù, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á gbé abọ́ wọn kọ́ èjìká, wọ́n á tò tẹ̀ léra wọn, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí abúlé. Wọn kò ní bẹ̀bẹ̀. Wọn kò ní kan ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin àti ọkùnrin abúlé ti wà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ti bọ́ bàtà, ìrẹsì gbígbóná wà nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Olúkúlùkù á bu díẹ̀ sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ kì í dúpẹ́, á kàn máa lọ. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á kọrin ìbùkún fún gbogbo ẹni tí ó fún wọn.

Lẹ́yìn tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ bá ti bu oúnjẹ, ìyókù á kan àwọn ará abúlé àti àlejò. Kò sí ìkòkò ọ̀tọ̀ fún àlejò.

Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Òfin tí ó ní kí ajẹ́jẹ̀ẹ́ gbé inú igbó, òun náà ni ó ní kí ó jáde sí ìlú ní òwúrọ̀. Bí àwọn ará abúlé bá ṣíwọ́, ebi á lé e. Bí ó bá hùwà burúkú, wọ́n lè ṣíwọ́. Kò sí ẹni tí ó dá wà níbẹ̀.

Ìyá tí ó ti òkèèrè wá lè dìde ní kùtùkùtù, kí ó bọ́ bàtà, kí ó dúró pẹ̀lú àwọn obìnrin abúlé, kí ó sì bu ìrẹsì sínú abọ́ ọmọ rẹ̀. Kò lè dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí ó má bọ́ ọ. Bí ó bá wo ọ̀tún, tí ó wo òsì, yóò rí àwọn ìyá mìíràn, aláìní àgbẹ̀, tí wọ́n ti ń bọ́ ọmọ náà lójoojúmọ́ láti ìgbà tí ó ti dé. Wọn kò bí i. Wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí èyí, ó ṣòro kí ó tún sọ pé ọmọ òun kò ní ènìyàn.

Òfin kan wà pẹ̀lú tí ó yẹ kí òbí mọ̀. Bí bàbá tàbí ìyá ajẹ́jẹ̀ẹ́ bá di aláìní tàbí tí ó ń ṣàìsàn, Búdà gbà kí ọmọ náà máa tọ́jú wọn nínú ohun tí wọ́n bá fún un. Kò sí ẹ̀jẹ́ tí ó ní kí á gbàgbé òbí.

Ohun tí ó yẹ kí á ṣọ́

Kì í ṣe gbogbo ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Táílándì ni ó rí bí èyí tí a sọ. Òmíràn wà láàárín ìgboro, owó ńlá sì ń wọlé fún un. Ní ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá mú àgbà ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan lórí ẹ̀sùn owó. Bí ẹni tí ó wọ aṣọ náà bá ń béèrè owó lọ́wọ́ àlejò, kí àlejò ṣọ́ra. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ inú igbó kì í fọwọ́ kan owó.

Ọ̀ràn àwọn obìnrin náà ṣì wà nílẹ̀. Ní ọdún 1928, olórí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Táílándì pàṣẹ pé kí wọ́n má sọ obìnrin di ajẹ́jẹ̀ẹ́ pátápátá. Nítorí náà, obìnrin tí ó bá fẹ́ gbé inú igbó yóò wọ aṣọ funfun, bí ìyá Ajahn Chah ti ṣe, ipò rẹ̀ kò sì tó ti ọkùnrin. Àwọn obìnrin kan níbẹ̀ kò gba àṣẹ yìí. Wọ́n lọ sí ilẹ̀ mìíràn láti lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ wọn.

Ìgbẹ̀yìn Ajahn Chah

Àìsàn dá Ajahn Chah gúnlẹ̀. Fún bí ọdún mẹ́wàá, kò lè ṣe ohunkóhun fún ara rẹ̀ mọ́. Kò bímọ, kò láya. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ará Táílándì àti òyìnbó, ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán tòru, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Ó kú ní ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 1992. Nígbà tí wọ́n sun òkú rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọba àti ayaba wà níbẹ̀, èrò sì pọ̀ lọ bí omi.

Bí ìbátan yín kan bá sọ lọ́jọ́ kan pé òun ń lọ sí irú ibẹ̀, ẹ lè má fara mọ́ ọn. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ibi tí ó wà, àti ẹni tí ń kọ́ ọ. Bí agbára bá gbé e, ẹ lọ kí i. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sì mú oúnjẹ lọ́wọ́.

Ìbéèrè

1. Òfin wo ni ìbànújẹ́ bàbá Búdà mú wá?
2. Kí ni àwọn ará abúlé Bung Wai ń fi igbó náà ṣe tẹ́lẹ̀?
3. Kí ni ìdí tí ajẹ́jẹ̀ẹ́ fi ń jáde lọ sí abúlé ní àràárọ̀?
4. Kí ni ìyá lè ṣe fún ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́? Kí ni kò gbọdọ̀ ṣe?
5. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tiyín, ṣé ẹ ó yọ̀ǹda fún un? Ẹ jíròrò rẹ̀.